Ẹ̀jẹ̀ Ni Kí Wọ́n Dín Kù, Kì Í Ṣe Òtítọ́

Ní ìgbà ìsinmi ilé-ìwé tó kọjá, ọmọbìnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 13, bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wo The Woman King, fíìmù tó sọ nípa àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wò ó tán. Kò yà mí lẹ́nu pé ó wù ú: ère ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30, ló dúró ní Kùtọ̀nú níbí, tí ìjọba ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni fíìmù náà jáde. Síbẹ̀, mo ní kí ó dúró kí n kọ́kọ́ wò ó.

Ogun pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn tó bí mo ti rò. Ó nídìí. Ní Amẹ́ríkà, ipò PG-13 ni wọ́n fi í sí: ọmọdé lè wọlé, wọ́n kàn ń kìlọ̀ fún òbí ẹni tí kò tíì pé ọdún 13 ni. Bí ó bá jẹ́ ipò R ni, ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò ní wọlé àfi bí àgbàlagbà bá mú un lọ. Gina Prince-Bythewood tó darí fíìmù náà fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè rí i.

Àwọn mìíràn kì í ronú kan ọ̀dọ́ títí fíìmù yóò fi jáde tán. Ní 2011, wọ́n pa èébú inú The King's Speech mọ́lẹ̀ kí ó lè kúrò ní ipò R. Ní 2018, wọ́n tún Deadpool 2 gé, wọ́n sọ ọ́ ní Once Upon a Deadpool. Àwọn kan ní owó ni wọ́n ń wá lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni pé owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí kì í ṣe owó. Nínú The King's Speech, ọba akólòlò ni à ń wò. Ìgbà tó bá ń ṣépè, tó ń bú èébú, ni ahọ́n rẹ̀ máa ń tú. Ẹni tó bá gé èébú náà kúrò ti gé oògùn kúrò lára ìwòsàn.

Àwa ọmọ Kétu mọ ọ̀nà mìíràn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO kéde gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní 2001, ní òru, ó sì ní ọ̀sán. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin, tó ń tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́, tó ń fi ọ̀rọ̀ àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sàn-án ni ijó, tí tọmọdé tàgbà ń wò. Ijó ọ̀sán kì í ṣe Ẹ̀fẹ̀ tí a gé lápá. Ó pé fúnra rẹ̀. Irú èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ wa.

Mo gbà fún ọmọ mi, ó sì jókòó wò ó pẹ̀lú ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ bíbí Kétu. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ yọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, ìyá mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní: "Kétu ńkọ́?"

Ní 1886, ogun Dàhòmì pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Nílé ẹ̀kọ́ Faransé tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa nípa akin Béhanzin níwájú àwọn òyìnbó. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ti Kétu. Fíìmù náà pẹ̀lú fi Ọba Ghezo hàn bí ẹni tó ń kọ òwò ẹrú sílẹ̀ fún epo pupa. Ní tòótọ́, ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí etíkun ló tó tọwọ́ bọ̀wé ní 1852, òwò náà kò sì tán síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n dín kù kò ṣe ọmọ mi ní ibi kankan. Òtítọ́ tí wọ́n dín kù ni ì bá ṣe é ní ibi, bí kì í bá ṣe pé àgbà wà nílé.

Ọmọ mi bi í pé: "Ìyá àgbà, ṣé kí a má yìn wọ́n mọ́ ni?"

Ìyá mi dáhùn pé: "Ẹni tó bá ṣe akin, ẹ yìn ín, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹni tí wọ́n dè lókùn."

Nítorí náà, mo gbà pé kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà tó tutù fún ọ̀dọ́. Kí wọ́n dín ẹ̀jẹ̀ kù, kí wọ́n bo ìhòòhò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n yọ kúrò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹni tó jìyà àti ẹni tó jẹ ẹ́ níyà. Kí àwa òbí náà má sì fi ọmọ nìkan sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ.

Ọmọ mi ti ní kí n mú òun lọ sí Kétu, kí òun lè fojú ara òun rí Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè tí àwọn baba ńlá wa fi ń dáàbò bo ìlú. Ìyá mi ní òun yóò bá wa lọ.