Kókó Tó Ń Rìn

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ìtàn yìí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ okùn ìwọ̀ ni, tí kò sì jọ ohun tí ẹ máa ń bá pàdé níbí.

Èpé ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàtà sílípáàsì tó ti já ni a máa ń gé láti fi ṣe léfòó, ìyẹn ohun tó máa ń wà lójú omi láti fi hàn wá pé ẹja ti ń jẹ ìwọ̀. A ó so ó mọ́ okùn gbọn-in, ó parí. Ọ̀sà wa kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà kò sí ohun tí a tún ń wá.

Nígbà tí mo dé ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, mo rí i pé ọgbọ́n Èpé nìkan kò tó. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní walleye. Ojú rẹ̀ máa ń tàn nínú òkùnkùn bíi ti ológbò, nítòsí ìsàlẹ̀ omi ló sì fẹ́ràn láti máa wà. Bí omi bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, tí o sì so léfòó mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 lókè ìwọ̀, báwo lo ṣe fẹ́ jù ú? Okùn náà á gùn ju ọ̀pá lọ, ìwọ̀ á sì há sí fìlà rẹ. (Ó ti há sí tèmi rí.)

Léfòó tí ihò gba àárín rẹ̀ kọjá ni wọ́n fi ń yanjú èyí. A kì í so ó mọ́ okùn; ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Lókè rẹ̀ ni a ó ti fi òwú so kókó kékeré kan mọ́ okùn, a ó fi ìlẹ̀kẹ̀ kan sáàárín kókó àti léfòó kí kókó má baà gba inú ihò yọ. Òjé wà nísàlẹ̀ léfòó, lẹ́yìn náà ìwọ̀. Bí o bá fẹ́ jù ú, léfòó á ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá òjé, kókó á sì ti gba inú àwọn òrùka ara ọ̀pá wọ inú kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ká okùn. Bó bá balẹ̀ sómi, òjé á máa fa okùn gba inú léfòó lọ sísàlẹ̀, títí kókó yóò fi kan ìlẹ̀kẹ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ yóò kan léfòó. Níbẹ̀ ni yóò dúró. Ibi tí o bá sún kókó sí ló ń sọ bí ìjẹ rẹ yóò ṣe jìn tó. Gbogbo iṣẹ́ náà, kókó yẹn ló gbé e dúró.

Ní ọdún 2019, ọmọ mi ọkùnrin parí Àlùkùránì kíkà. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà náà. Lẹ́yìn wòlímà rẹ̀, mo ra ọ̀pá ìwọ̀ tuntun fún un, mo sì fi okùn híhun sí i. Tèmi, okùn náílọ́ọ̀nù àtijọ́ ni. Fọ́nrán polyethylene mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ni wọ́n máa ń hun pọ̀ láti fi ṣe okùn híhun yìí, bí ẹni ń dirun. Kì í nà bíi náílọ́ọ̀nù. Bí o bá fa ọ̀pá, ìwọ̀ á ti gbé ẹja lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í rì. Ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ju náílọ́ọ̀nù tí agbára wọn dọ́gba lọ. Ohun tí n kò bi ara mi ni pé, ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń yọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni kókó yóò dì mú lára rẹ̀?

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, a wakọ̀ láti Minneapolis lọ sí adágún Leech Lake. Adágún Eṣúṣú ni ìtumọ̀ orúkọ náà, eṣúṣú náà sì ni ìjẹ tí a gbé lọ. Inú omi tútù ni a máa ń tọ́jú wọn sí. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá tún rí ike wọn nínú fíríìjì òun, èmi àti òun ni.

A kí ìrun Alásàrí létí omi, a wọ ọkọ̀ kékeré tí a háyà, a sì dúró síbi tí òkúta pọ̀ sí nísàlẹ̀, níbi tí omi ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Èmi ni mo so kókó méjèèjì, inú páálí kan náà ni mo ti mú òwú wọn. Mo sún wọn sí ẹsẹ̀ bàtà 11. Ọmọ náà ní, “Dádì, ẹ jẹ́ kí tèmi jìn sí i díẹ̀.” Mo ní rárá.

Kò pẹ́ tí mo fi pa ẹja kan, mo tún pa ìkejì. Tọmọ mi, kò sí nǹkan. Nígbà tó ṣe, mo wo léfòó rẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja lójú omi. Bí léfòó bá dùbúlẹ̀ báyẹn, òjé ti jókòó sórí ilẹ̀ ni, kò sí ohun tó ń fà á dúró mọ́. Eṣúṣú á sì ti wọ abẹ́ òkúta lọ, ẹja wo ló máa rí i? Mo ká okùn rẹ̀ wọlé, mo wọ̀n ọ́n. Kókó ti kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 11, ó ti di 14.

Mo ní, “Ṣebí mo ní kí o má sún un?”

Ó ní, “Dádì, mi ò fọwọ́ kàn án.”

Mo ní kí ló dé tí tèmi kò kúrò lójú kan? Kókó kan náà, ọwọ́ kan náà ló so ó. Ó fẹ́ búra, mo ní kó má fi orúkọ Ọlọ́hun bo irọ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé ọ̀pá náà sílẹ̀, ó kọjú sí òdìkejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ó ti parọ́ fún mi nípa iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ kan. Ìyẹn ló wà lọ́kàn mi, kì í ṣe kókó.

Mo sún kókó náà padà, mo fúnra mi jù ú, mo sì di ọ̀pá mú kí n lè fi hàn án pé kò níbi tó ń lọ. Léfòó dìde dúró ṣánṣán. Ìgbì ń gbé e sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀. Ọwọ́ mi ni ọ̀pá wà. Kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ní atẹ́gùn ni.

Oòrùn kì í tètè wọ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ó kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí àsìkò Màgàríbì tó wọlé, àsìkò yẹn gan-an sì ni walleye máa ń jẹun dáadáa. A fi wọ́n sílẹ̀, a padà sétí omi. Ọmọ náà dúró sọ́wọ́ ọ̀tún mi, èmi ni mo ṣe lèmọ́mù. Nínú Súratul-Hujuraat, àáyà 12, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá sí ọmọnìkejì ẹni. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní Súrà náà. Súrà mìíràn ni mo ké lọ́jọ́ náà. N kò lè ké ìyẹn.

Nígbà tí a sálámà tán, mo yíjú sí i. Mo ní, “Kókó ló ń yọ̀. O kò fọwọ́ kàn án, mo sì pè ọ́ ní òpùrọ́. Forí jì mí.”

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, “Ẹ ti mọ̀ kí a tó kúrò lórí omi, àbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lómi ló là mí lóye. Ara náílọ́ọ̀nù máa ń rọ̀ díẹ̀, kókó òwú á jẹ ẹ́ wọlé. Ara okùn híhun ń yọ̀. Gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbé léfòó, òjé á fa okùn gba inú kókó, díẹ̀díẹ̀. Òrùka ara ọ̀pá náà tún ń tì í bí a bá ń jù ú. Àwọn kan máa ń so kókó méjì tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn mìíràn máa ń fi kún iye ìgbà tí òwú yí okùn ká, wọ́n á fi itọ́ rin ín, wọ́n á sì rọra fa etí méjèèjì títí yóò fi le. Èyí dára, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ó tún lè rìn. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú ọ̀rọ̀ bàbá náà ni pé kí a so náílọ́ọ̀nù bí ẹsẹ̀ bàtà 20 mọ́ ìdí okùn híhun, kí kókó, ìlẹ̀kẹ̀, léfòó àti òjé wà lórí náílọ́ọ̀nù yẹn. Okùn híhun á wà lẹ́yìn, níbi tí agbára rẹ̀ ti wúlò. Bí atẹ́gùn bá sì ń fẹ́, náílọ́ọ̀nù kì í sáábà wé mọ́ léfòó bí okùn híhun ṣe máa ń wé mọ́ ọn. Ẹ má gé etí òwú kókó kúrú jù. Ẹ fi bí ìdajì íǹṣì sílẹ̀, kí ẹ lè ríbi dì mú bó bá dẹ̀.

Mo gé náílọ́ọ̀nù lára tèmi, a sì jókòó síwájú iná mọ́tò láti tún ọ̀pá rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ bá a so kókó náà, ó ní òun ló máa so ó. Ó yí òwú ká lẹ́ẹ̀mẹfà, ó fi itọ́ rin ín, ó rọra fà á. Lẹ́yìn náà ló na okùn sí mi.

Ó ní, “Ẹ fà á wò, Dádì.”

Mo fà á. Ó dúró.