Ọ̀dàn Ni Kí O Ti Wá A

Kuta,
Lẹ́bàá Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi,

Mo gbọ́ pé o ti wá òdòdó tó wà lẹ́sẹ̀ ẹṣin funfun méjèèjì nínú àmì orílẹ̀-èdè wa dé gbogbo etí odò, o ò sì rí i. Kò yà mí lẹ́nu. Ibi tí tẹ̀tẹ̀ẹ̀gùn ń gbé lo lọ.

Mọ̀lẹ́bí ni tẹ̀tẹ̀ẹ̀gùn àti Costus spectabilis tí ò ń wá (ìwé ilé-ìwé mìíràn ṣì ń tẹ̀ ẹ́ ní "Coctus", ìwọ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀), àmọ́ ìwà wọn ò jọra. Tẹ̀tẹ̀ẹ̀gùn fẹ́ ibòòji àti ilẹ̀ tútù, á sì ga ju èèyàn lọ. Èyí tí ò ń wá ò ga rárá. Ewé mẹ́rin ló sábà máa ń ní, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè á wá yọ láàárín wọn.

Ohun tó bá tẹ́lẹ̀ tó báyìí, bí koríko bá ti bò ó mọ́lẹ̀, kò rí oòrùn mọ́. Ìyẹn ló fi yan ọ̀dàn. Nígbà ọyẹ́ tí iná bá ń jó ìgbẹ́, kò sí nǹkan rẹ̀ kankan lókè. Gbòǹgbò rẹ̀ tó ki bíi ti atalẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, á ti tanná kí bẹẹrẹ àti eruwà tó gbérí. Láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé Zambia àti Zimbabwe, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ibi ni gbogbo iná ìgbẹ́. Ní Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ igbó pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta ní 1929: wọ́n ń dáná sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, iná ò sì gbọdọ̀ kan ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n fi máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, ẹ̀kẹta ti ń di igbó. Èkejì ṣì jẹ́ ọ̀dàn gbayawu. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ pa òdòdó rẹ run, kó kàn pa iná.

Ojú ààlà igbó àti ọ̀dàn ni Kuta wà. Oko dídá àti iná ló sọ púpọ̀ nínú igbó agbègbè wa di ọ̀dàn. Nítorí náà, àwọn aládùúgbò òdòdó náà ni kí o máa wò. Níbi tí irúgbá, abàfẹ̀ àti ìrà ọ̀dàn bá ti dúró jìnnà síra, tí ilẹ̀ dúdú fún eérú, fara balẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí ewé Akíntọ́lá bá ti gbalẹ̀, kọjá lọ. Amẹ́ríkà ni ewé yẹn ti wá, kì í jẹ́ kí ohun kúkúrú mí. Ó dùn mí pé òun ló pọ̀ jù lẹ́yìn ilé wa báyìí.

Àárọ̀ ni kí o lọ, nítorí òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ kó tó rọ. Má hú u. Kọ orúkọ gbogbo koríko àti igi tó yí i ká sílẹ̀ kí o tó ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ rẹ máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.