Oríta Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

"Ṣé ilé Fúlàní lo fẹ́ kọ́ fún mi ni?"

Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí mo fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti ká páànù ilé adìẹ wọn lẹ́yìnkùlé wa ní Òjòkú. Páànù ni wọ́n ní kí n kàn padà. Èmi ní rárá, màá kọ́ èyí tí ìjì ò ní rí etí rẹ̀ dì mú.

Wọn ò kúkú jayò pa. Ilé náà rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, bí èyí tí àwọn Fúlàní ń fi ọ̀pá títẹ̀ kọ́ ní gáà. Ṣùgbọ́n igi tèmi ò ní tẹ̀. Igi gbọọrọ ni gbogbo rẹ̀, tí a so pọ̀ ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta. Buckminster Fuller, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ilé yìí lọ́dún 1954, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Walther Bauersfeld ti kọ́ irú rẹ̀ ní Jena, ní Jámánì, ní nǹkan bí 30 ọdún ṣáájú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sọfitíwíà. Nílé, "ó ń tẹ kọ̀ǹpútà" ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí mo ṣe rí tí ìyá mi lè fọwọ́ kàn.

Mo kọ prógíráàmù kékeré kan, ó bá mi ṣírò rẹ̀: kí ilé fẹ̀ ní mítà 3, kó ga ní mítà kan àbọ̀, igi 65 ló máa gbà, oríta 26. Oríta ni mo ń pe ibi tí igi ti pàdé. Páìpù omi tí mo gé bí òrùka ni, a lu ihò sí i, a fi bóòtù de igi mọ́ ọn. Láti àárín oríta kan dé èkejì, igi 35 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 93, 30 yòókù jẹ́ 82.

Kápẹ́ńtà wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ínjíníà, sẹ̀ǹtímítà 11 péré? Ẹ jẹ́ ká gé gbogbo ẹ̀ ní gígùn kan náà, kíṣẹ́ yá."

Mo gbà. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ìwé ti pọ̀ jù lórí mi.

A to gbogbo rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Níbi tí igi márùn-ún ti pàdé, ó yọrí sókè dáadáa. Níbi tí mẹ́fà ti pàdé, kò yọ rárá. Ìyá mi fi ọwọ́ kan tì í, ó sì wọnú.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Onígun mẹ́ta mẹ́fà tó dọ́gba, tí a bá kó wọn jọ sójú kan, pẹrẹsẹ ni wọ́n máa tẹ́ bí ẹní. Sẹ̀ǹtímítà 11 yẹn ló ń gbé wọn dìde. Mo mọ̀ ọ́n kí a tó gé igi, mo sì dákẹ́.

Ọpẹ́ ni pé èyí tó gùn la gé. Lọ́jọ́ kejì, a gé 30 kúrú, a tú u, a tún un tò, a sì ri oríta 10 tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, torí ilé fífúyẹ́ lè fò. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Kò mira.

Nígbà tí ará ilé kejì bi wọ́n bóyá Fúlàní ló wá kọ́ ọ, mo gbọ́ tí wọ́n dáhùn: "Ó tì o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Wá tì í wò."