Kí Ọmọ Tó Gbé Kámẹ́rà, Ẹ Rán An Níṣẹ́

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ìsinmi ilé-ìwé ti dé, àwọn ọmọ wa tó ti ń bàlágà ti gba fóònù lọ́wọ́ wa, wọ́n ní fótò ni àwọn fẹ́ máa yà. Èmi ò bá wọn jà. Abẹ́òkúta yìí yẹ ní yíyà. Ẹni tó bá gun Òlúmọ nírọ̀lẹ́, tó wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ salalu nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, yóò mọ̀ pé ojú ọmọ tó fẹ́ ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó dára. Àpáta àti òrùlé ò ní kí ẹnikẹ́ni kí wọn kó tó yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ló yàtọ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tọ ènìyàn lọ, kò tíì tó ẹni tó ń dojú kámẹ́rà kọ ènìyàn. Ibi tí ọmọ sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọ ènìyàn lọ kò ju iṣẹ́ tí a ń rán an lọ.

Ẹ wo ohun tó wà nínú iṣẹ́ kékeré kan. A ní kí ọmọ lọ ra láfún lọ́jà Kútọ̀. Yóò kí ìyá tó ń tà á bí àsìkò bá ṣe rí. Bí àgbàlagbà kan bá ń ná ọjà lọ́wọ́, yóò ní sùúrù dìgbà tó bá kàn án. Yóò ka ṣéńjì, yóò dúpẹ́ èènì, bí wọ́n bá sì fi iṣẹ́ rán an sí wa, yóò jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ká ní mo rán ọmọ mi pé kó lọ béèrè owó àjọ lọ́wọ́ ẹnì kan, tó débẹ̀ tó bá èrò tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ọmọ tó ní làákàyè kò ní dárúkọ owó. Yóò kí wọn, yóò jókòó díẹ̀, yóò padà wá sọ ohun tó bá níbẹ̀ fún mi. Kò sí olùkọ́ fótò tó lè fi nǹkan tó ju làákàyè yìí lọ kọ́ ọmọ: kó mọ ìgbà tó yẹ kó gbé ọwọ́ sókè, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí fóònù wà lápò.

Ẹ mú ọmọ náà dé ọjà Ìtòkú, níbi tí àdìrẹ ti kún ìsọ̀. Ọmọ tó ní kámẹ́rà á fẹ́ máa yà láìdúró. Bí ìyá kan bá ní, “Ìwọ ọmọ yìí, má ya ọjà mi,” ọmọ lè rò pé ìyá náà le tàbí pé ojú ìyá náà ò là. Ẹ ṣàlàyé fún un. Ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ á se láfún mọ́ álọ́ọ̀mù, á fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ ní ìlà ìlà, kí aró má bàa dé ibẹ̀. Ẹni tó ń ṣe oníko á fi ìko di aṣọ ní kókó kókó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, títí yóò fi dú bí wọ́n ṣe fẹ́. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó jọ àdìrẹ lójú, ti kún ọjà wa ní owó pọ́ọ́kú, àwọn aláró sì ń pariwo pé ó ń pa àwọn lẹ́kún. Iṣẹ́ ọnà tuntun tí ọmọ yà ṣeré, tó gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnikẹ́ni ló lè rí i níbikíbi, kó sì fi ẹ̀rọ tẹ irú rẹ̀. Nítorí náà, oúnjẹ òòjọ́ ni ìyá yẹn ń ṣọ́. Bí ọmọ bá béèrè, tí wọ́n bá ní kó yà, kó dúpẹ́. Bí wọ́n bá ní kó má yà, kó dúpẹ́ bákan náà. Àwọn ohun kan tilẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí a kì í béèrè pé ṣé kí a yà. Orò ni àkọ́kọ́ nínú wọn.

Àwọn fótógíráfà wa àtijọ́ mọ irú ọ̀wọ̀ yìí dáadáa. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wo iṣẹ́ wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó rí i pé bí àgbà bá wá ya fótò, á jókòó gbọin, á fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á sì dojú kọ kámẹ́rà tààrà, kí ojú rẹ̀ méjèèjì hàn kedere. Kò sí pé wọ́n ń jí i yà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tí wọ́n ń yà náà sì fẹ́ fi ojú tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí Sprague kọ nípa ìbejì ló wọ̀ mí lára jù. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, fótógíráfà á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí ó lè dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ló lọ, tó jẹ́ ọkùnrin ló kù, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún un yà. Ìyá tó gba irú fótò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó yà á bá òun kẹ́dùn.

Ẹ̀kọ́ ilé tilẹ̀ máa ń tún fótò ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá dúró lé àgbà tó jókòó lórí, tó ya fótò láti òkè, orí nìkan ni yóò tóbi, ara á kéré, ẹni náà á sì dà bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Kí ọmọ kúnlẹ̀, kí ojú rẹ̀ ṣe déédé pẹ̀lú tiwọn, fótò náà á gún. Bí oòrùn ọ̀sán bá sì ń fi òjìji sábẹ́ ojú wọn, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun padà wá nírọ̀lẹ́. Ìyẹn náà, sùúrù ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára jù ni fótò oore, ìyẹn èyí tí a ń yà láti fi hàn pé a ṣoore. Àwa Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí là ń pe ara wa. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹgbẹ́ aáró ni Lísàbí fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ: wọ́n á ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló di ọmọ ogun tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí tí Ọ̀yọ́ fi jẹ wọ́n lórí. Nínú aáró, kò sí ọ̀gá, kò sí alágbe. Ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ lónìí ni yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́la. Ẹ wá wo fótò tí a ń rí báyìí: ẹni tó gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ìyá arúgbó tó gbà á ń wolẹ̀. Bí ìyá yẹn bá tilẹ̀ san oore náà lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò ya ìyẹn. Fótò ti sọ ọ́ di ẹni tí a fún ní nǹkan títí ayé. Bí ọmọ wa bá bá àgbà kan gbé ẹrù ní Láfẹ́nwá, kó gbé e dé ibi tí wọ́n ń lọ, kó máa bọ̀ nílé. Bí ọ̀kadà bá ṣubú, kó kọ́kọ́ pe àwọn tó lè gbé ènìyàn dìde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣìnà. Wọlé Ṣóyínká kọ ọ́ sínú Aké, ìwé tó jáde ní 1981, bí òun ṣe tẹ̀lé àwọn ọlọ́pàá tó ń fun fèrè lọ nígbà tí òun ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, tí òun sì bá ara òun ní Ìbarà. Ọlọ́pàá ló fi kẹ̀kẹ́ gbé e padà sílé. Lónìí, fótò lè ràn wá lọ́wọ́ láti wá òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, omi ló yẹ kí a kọ́kọ́ fún un, kí a bi í léèrè orúkọ rẹ̀, kí a mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ.

Mo mọ̀ pé òbí kan á ní àwọn ọmọ ń fi fótò jẹun báyìí, àti pé ẹni tó bá ń béèrè kó tó yà, àwọn tó kù á ti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ ronú sí òde ìnáwó tí ẹ lọ gbẹ̀yìn. Fótógíráfà tó kẹ̀yìn sí ìyá ìyàwó, tó ń ta àgbà nígùnpá, wọ́n sanwó fún un, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó kí àwọn àgbà yípo kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀.

Nílé tiwa, a ti fẹnu kò sí nǹkan díẹ̀. A kì í ya ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń sunkún, tàbí ọmọ ọlọ́mọ tí òbí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí a pa fótò òun rẹ́, ojú rẹ̀ la ti ń pa á rẹ́. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn láti máa ya ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì ládùúgbò wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wọn ra èédú kí wọ́n tó jókòó fún un. Bó bá ti ya ènìyàn tó sì dára, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ fún ẹni náà. Èmi ni mò ń san owó títẹ̀ yẹn, mo sì ti kà á mọ́ owó ilé-ìwé.