Ẹran Inú Ọbẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí kì í fẹ́ràn àwo àkójọ. Ó ní ẹni tó ṣa ẹran inú ọbẹ̀ jẹ kò tíì jẹ ọbẹ̀. Èyí tí Eagles, àwọn olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 1976 ló máa ń fi bú mi.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Orin 10 péré ló wà níbẹ̀, inú àwo 4 ni wọ́n ti ṣà wọ́n, láti 1972 sí 1975. Ẹ wo Desperado ti 1973: ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́ṣà ayé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Orin 2 ni wọ́n yọ níbẹ̀, ìtàn bá fọ́. Ẹni tó bá sì ń wá Hotel California, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìparí 1976 nìyẹn tó dé.

Ṣùgbọ́n èmi ò gbà fún un. Ẹni tí owó rẹ̀ ò ju ti àwo kan lọ ńkọ́? Ṣé kó káwọ́ gbera ni? Ní 2018, wọ́n ṣírò títà àwo yìí ní Amẹ́ríkà, ó pé mílíọ̀nù 38, ó sì ju Thriller ti Michael Jackson lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni gbogbo wọn.

Ọmọbìnrin mi gbọ́ orin Desperado nínú rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ta ni wọ́n ń bá wí yìí?” Mo bá gbé odidi àwo 1973 fún un.

Ìdájọ́ mi nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi: ẹ kọ́kọ́ ra àkójọ. Ẹran tá a bù fọ́mọdé ló ń jẹ́ kó bèèrè ìkòkò.