Ẹ Má Jẹ́ Kí Póìntì Ilé Ìtura Yín Ṣègbé

Bí oṣù 24 bá kọjá tí póìntì kò wọlé sínú àkáǹtì Marriott Bonvoy yín, tí ẹ kò sì ná nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Hilton Honors.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó fi póìntì gba káàdì ọjà. Àdánù ńlá nìyẹn! Yàrá gan-an ni kí ẹ fi gbà, pàápàá lásìkò ọdún tí yàrá bá gbówó lórí. Ní Marriott, ẹni tó bá fi póìntì gba alẹ́ márùn-ún tẹ̀léra, ti mẹ́rin ni yóò san. Hilton náà ń ṣe é fún ẹni tí ipò rẹ̀ ti dé Silver, ó sì gba ẹbí àti ọ̀rẹ́ láàyè láti da póìntì wọn pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìyá, ẹ lè fi ìyẹn gba yàrá fún àwọn òbí yín.

Bí kò bá sí ìrìn-àjò nítòsí, ẹ ra póìntì díẹ̀ kí oṣù 24 náà tó pé, oṣù 24 míì á tún bẹ̀rẹ̀. Fífi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kò ṣe iṣẹ́ yẹn ní Marriott o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ọjọ́ tí póìntì tiyín máa ṣègbé wò lónìí.