Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Amáṣọgbẹ

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi yìí. Kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ, nígbà tí Ọlọ́run ti fún wa ní oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tí ó bá ti ìlú tí òjò kì í ti í pọ̀ wá lè bi mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti Freetown, Douala tàbí Kàlàbá wá mọ̀ pé oòrùn a máa fi ojú pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú ọdún, àti pé aṣọ tí a sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ a máa rùn kí ó tó gbẹ. Ewu mìíràn sì tún wà. Eṣinṣin kan ń bẹ ní ilẹ̀ wa tí í yé ẹyin sára aṣọ tí kò gbẹ tán. Bí ẹyin náà bá pa, ìdin inú rẹ̀ a wọ awọ ẹni tí ó bá wọ aṣọ náà, ibẹ̀ a sì wú bí oówo. Ooru ni a fi í ṣẹ́gun rẹ̀, yálà ti áyọ́ọ̀nù tàbí ti ẹ̀rọ.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rọ amáṣọgbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní dráyà, fi ń ṣiṣẹ́: ooru, yíyí àti afẹ́fẹ́. Wáyà amúgbóná ń mú afẹ́fẹ́ gbóná. Bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń yí àgbá tí aṣọ wà nínú rẹ̀. Fáànù sì ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná náà gba àárín aṣọ kọjá, kí ó lè gbé ọ̀rinrin jáde gba páìpù ẹ̀yìn lọ sí ìta. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ooru nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá se aṣọ nínú ìkòkò tí ó ní ìdérí ní ooru púpọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kò ní í gbẹ láéláé.

Kí n tó wọ kọ́lẹ́jì, mo gbé ọ̀dọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ní Kàlàbá fún ọdún méjì. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé náà, arúgbó tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ tí a kì í fọ aṣọ ibùsùn, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ̀rọ amáṣọgbẹ ilé náà ni a gbójú lé. Nínú oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Yóò yí fún wákàtí méjì, aṣọ yóò sì tutù síbẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ kẹrin, aṣọ gbígbẹ ti tán nílé, egbò sì ti ń yọ ní ẹ̀yìn màmá àgbà nítorí ọ̀rinrin. Oníṣẹ́ iná kan tí a pè wò ó ní òòró, ó ní wáyà amúgbóná ti jó, ó sì dá owó tí ó ju owó oúnjẹ wa fún oṣù kan lọ. Àǹtí mi ti ń wá ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Nígbà tí mo kó aṣọ jáde ní ọjọ́ náà, ó rin, ṣùgbọ́n ó gbóná. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án wò. Bí wáyà náà bá ti jó, níbo ni ooru yìí ti wá?" Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó, ṣùgbọ́n má fi ẹ̀mí ara rẹ ṣeré."

Mo yọ ọ́ kúrò lára iná. Asẹ́ tí ń gba èérún òwú mọ́, nítorí ojoojúmọ́ ni àǹtí mi ń gbọ̀n ọ́n. Mo fa ẹ̀rọ síwájú, mo tú páìpù ẹ̀yìn. Èérún òwú ti kún inú rẹ̀, ó rin, ó sì ki bí ìrọ̀rí. Mo bọ́ síta láti wo ẹnu páìpù lára ògiri, mo sì bá àkísà níbẹ̀, èyí tí ẹnìkan nínú ilé ti fi dí i kí eku má baà wọlé. Mo yọ àkísà, mo fọ páìpù, a sì wá ìdérí tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ lè ṣí, tí yóò sì tún padà dé fúnra rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí aṣọ fi gbẹ. Orí aṣọ gbígbẹ ni màmá àgbà sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ohun tí ó rọrùn ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí a yọ púlọ́ọ̀gì kí ọwọ́ wa tó kan inú ẹ̀rọ. Bí kò bá dáhùn rárá, kí a wò ó bóyá iná wà, bóyá fíúsì inú púlọ́ọ̀gì ti jó, tàbí bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ kò dé dáadáa. Bí ó bá ń kùn ṣùgbọ́n tí àgbá kò yí, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já. Bí ó bá ń yí tí aṣọ sì tutù láìní ooru, kí a kọ́kọ́ wo agbára iná ìlú. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún 230 volt kò lè mú ìdajì ooru rẹ̀ jáde bí iná bá lọ sílẹ̀ sí 160 volt. Fíúsì kékeré kan tún wà nínú rẹ̀ tí í jó nígbà tí ooru bá pọ̀ jù, kí ilé má baà jó. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ láì la ọ̀nà afẹ́fẹ́ yóò tún un pààrọ̀. Ẹni tí ó bá sì fi wáyà lásán so ó pọ̀ ń pe iná wálé. Bí aṣọ bá gbóná tí kò sì gbẹ, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni kí a wò, tàbí kí a dín aṣọ inú rẹ̀ kù. Ohun tí ó bá kọjá èyí, kí a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí a gbọn asẹ́ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe fi aṣọ tí epo, kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù wà lára rẹ̀ sínú rẹ̀. Kí a má ṣe tàn án sílẹ̀ kí a lọ sùn. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀ràn iná ṣírò pé, láàárín ọdún 2008 sí 2010, nǹkan bí 2,900 iná ilé ni ẹ̀rọ yìí ń dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún, àti pé àìgbọn ìdọ̀tí rẹ̀ ni olórí ohun tí ń fà á.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èyí kan iṣẹ́ wa pẹ̀lú. Ọmọ kan lè jókòó nínú kíláàsì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí ẹ̀kọ́ má wọ̀ ọ́. Ó rọrùn láti wí pé ọpọlọ rẹ̀ ti jó. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó ń rí pátákó? Ǹjẹ́ ó ń gbọ́ràn? Ǹjẹ́ ó jẹun kí ó tó kúrò nílé? Ǹjẹ́ ó gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ ọ? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kan àwa tí yóò máa kọ́ ọmọ ní ìlú tí kì í ṣe tiwa jù lọ. Àwọn àgbà ní, bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀sọ̀ wo àwọn ọmọ náà kí á tó dá wọn lẹ́jọ́.